Ìhan Tó Ń Fà Lẹ́yìn Snare: Bí A Ṣe Ń Fi EQ Mú Un Láìba Ìlù Jẹ́

Olùkàwé kan tó ń gba orin sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ rẹ̀ ní Ìbàdàn kọ̀wé pé: "Mo gba ìlù sílẹ̀ fún orin mẹ́fà, gbogbo rẹ̀ ló sì dùn mọ́ mi àfi snare. Bí onílù wa bá ti lù ú tán, ìró kan máa ń han wíín lẹ́yìn rẹ̀, kì í sì í bá orin mu. Mo gbé EQ sókè, mo ń fà á kiri títí mo fi gbọ́ ibi tó ti ń han, bí wọ́n ti ń kọ́ni lórí YouTube, mo wá gé e ní 250, 430, 700 àti 1,000 Hz, dB 10 níbì kọ̀ọ̀kan. Mo fi Q 30 gé 430 nítorí ibẹ̀ ni mo fura sí jù, mo sì fi Q 2 gé àwọn mẹ́ta yòókù. Ìhan náà ṣì wà níbẹ̀, snare wá ń dún bí ẹni ń lu páálí. Kí ni mo ṣe tí kò tọ́? Ṣé kí n tún gbogbo rẹ̀ gbà ni? Mo fi orin kejì ránṣẹ́ kí ẹ lè gbọ́ ọ."

Ẹ kú iṣẹ́ o. Fún olùkàwé tí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ tuntun sí: snare ni ìlù pẹlẹbẹ tó ń dún pàá láàárín àwọn ìlù òyìnbó, EQ ni ohun èlò tí a fi ń gbé apá kan nínú ìró sókè tàbí wálẹ̀, Hz ni ìwọ̀n bí ohùn ti ga tó, dB ni ìwọ̀n bí ó ti dún sókè tó, Q sì ń sọ bí gígé ti tín-ín-rín tó: bí Q bá ti pọ̀ sí i ni gígé ń tín-ín-rín sí i. Ẹ kò ní láti tún un gbà. Mo gbọ́ orin náà, onílù yín mọ ìlù í lù, ìró tí ẹ gbà sílẹ̀ náà sì mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ wá ìhan níbi tí kì í gbé. Ẹ wá a nínú ìdún àkọ́kọ́, nígbà tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ kan awọ, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ohùn tó sọ snare di snare ti kóra jọ, tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí ẹ bá gé níbẹ̀, ara ìlù ni ẹ ń gé. Ìrù ìró náà ni ìhan ń gbé, lẹ́yìn tí ìdún àkọ́kọ́ bá ti kọjá lọ. Ibẹ̀ ló yẹ kí á ti wá a, kí á mọ ojú ibi tó wà ní pàtó, kí á tó fọwọ́ kan EQ rárá. Gígé kan ṣoṣo tó bọ́ sójú ibẹ̀ yóò ṣe ohun tí gígé mẹ́rin tó wà ní àyíká rẹ̀ kò lè ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ìhan ṣe ń ṣẹlẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lẹ́yìn èyí, inú rẹ̀ ló ti jáde. Awọ snare tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní íńṣì 14. Bí igi bá kàn án, kì í gbọ̀n lọ́nà kan ṣoṣo. Ọ̀nà àkọ́kọ́ ni pé kí gbogbo awọ lọ sókè, kí ó sì bọ̀ wá sílẹ̀ lápapọ̀. Èyí ló ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ snare jáde, tó máa ń wà láàárín 180 sí 250 Hz lára ọ̀pọ̀ ìlù tí a dè dáadáa. Ọ̀nà kejì ni pé kí awọ pín sí méjì, kí ìdajì kan máa lọ sókè bí ìdajì kejì ti ń lọ sísàlẹ̀, tí ìlà tó wà láàárín wọn kò sì ní mira. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tí awọ fi ń pín sí mẹ́rin tàbí mẹ́fà, òmíràn sì wà tí àárín ń lọ sókè nígbà tí etí ń lọ sísàlẹ̀. Ìṣirò fi hàn pé bí awọ bá dá wà, tí kò sí afẹ́fẹ́ inú àgbá àti awọ kejì nísàlẹ̀ tó ń dí i lọ́wọ́, bí ọ̀nà àkọ́kọ́ bá jẹ́ 200 Hz, ti ìdajì méjì yóò jẹ́ nǹkan bí 319 Hz, ti ìdá mẹ́rin yóò jẹ́ 427 Hz, ti àárín àti etí yóò sì jẹ́ 459 Hz. Lára ìlù gidi, afẹ́fẹ́ àti awọ ìsàlẹ̀ máa ń sún àwọn nọ́ńbà yìí síwá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kì í yí padà: kò sí èyí tó jẹ́ ìlọ́po méjì tàbí ìlọ́po mẹ́ta àkọ́kọ́ géérégé, bí ó ti máa ń rí lára okùn gìtá. Ìdí nìyẹn tí ìhan snare fi ń bá orin jà. Ohùn kan pàtó ni lóòótọ́, àmọ́ kò bá ìdílé ohùn kankan tan.

Èyí tó wá ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ìdí tí àwọn ohùn kan fi ń tètè kú tí àwọn mìíràn sì ń pẹ́. Nígbà tí gbogbo awọ bá ń lọ sókè sísàlẹ̀ lápapọ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń tì, agbára tí igi fún un sì ń yára jáde lára rẹ̀ di ìró tí a gbọ́. Kò pẹ́ tó fi máa parẹ́. Ṣùgbọ́n bí awọ bá pín sí méjì, afẹ́fẹ́ tí ìdajì kan tì ni ìdajì kejì ń fà mọ́ra, ìwọ̀nba díẹ̀ ló sì ń kúrò níbẹ̀ lọ sí iyàrá. Agbára náà wá há sínú awọ, awọ ń gbọ̀n nìṣó, ìró tín-ín-rín kan sì ń fà lẹ́yìn gbogbo èyí tó ti kú. Lórí ọ̀pọ̀ snare, láàárín 300 sí 1,000 Hz ni ẹ óò ti bá a.

Ẹ wo ibi tí máíkì wá wà. Láti 1965 tí ilé iṣẹ́ Shure ti gbé SM57 jáde, ó ti di máíkì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ ń nawọ́ mú fún snare, a sì máa ń gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí ìlù, ní ìwọ̀n ìka méjì tàbí mẹ́ta sókè awọ. Orí ọ̀kan nínú àwọn ìdá tó ń gbọ̀n wọ̀nyẹn gan-an ló dúró lé. Ẹni tó dúró láàárín iyàrá kò ní gbọ́ ìhan náà tó bí máíkì yìí ṣe ń gbọ́ ọ, nítorí ìró náà kì í rìn jìnnà. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí onílù yín má mọ ohun tí ẹ ń sọ nígbà tí ẹ bá ń ṣàròyé fún un pé ìlù rẹ̀ ń han, ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó sì jàre.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á ṣiṣẹ́. Ẹ yọ gbogbo gígé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò. Ẹ pa máíkì òkè méjèèjì, ìyẹn àwọn tó wà lókè tó ń gba gbogbo ìlù pọ̀, ẹ fi snare nìkan sílẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ pa snare, ẹ fi máíkì òkè nìkan sílẹ̀. Nínú orin kejì tí ẹ fi ránṣẹ́, ìhan náà pọ̀ lórí track snare (ohun tí máíkì snare nìkan gbà sílẹ̀), ó sì wà lórí máíkì òkè pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ó kéré sí i gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé máíkì òkè ló pọ̀ sí, EQ tó lágbára jù láyé lórí track snare kò ní mú un lọ, ohun tó sì máa ń mú kí àwọn ènìyàn gé ìlù wọn di eegun nìyẹn: ohun tí wọ́n ń gé kò sí níbi tí wọ́n ti ń gé e.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wá ìlù snare kan ṣoṣo tí ohun mìíràn kò dún lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ máa rí irú rẹ̀ ní ìparí orin, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ fáìlì nígbà tí onílù ń dán ìlù wò kí orin tó wọlé. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí track òfìfo, ẹ gé nǹkan bí mílísékọ́ńdì 80 àkọ́kọ́ rẹ̀ sọnù, ẹ fi fade kékeré, tó ń jẹ́ kí ìró rọra wọlé, sójú ibi tí ẹ ti gé e kí ó má baà ta kì, kí ẹ wá jẹ́ kí èyí tó kù máa dún ní àdúnyípo. Ìdún àkọ́kọ́ ti lọ, ìrù rẹ̀ ló kù. Báyìí, ìhan tí ẹ ń fi EQ lé kiri yóò dúró sójú kan fún yín, ẹ ó sì lè fi ohùn yín kọ ọ́ tẹ̀lé e. Ẹ pe ẹni tó ń tẹ dùùrù nínú ẹgbẹ́ akọrin yín, kí ó bá yín wá ohùn náà lórí dùùrù: F àárín jẹ́ 349 Hz, G jẹ́ 392, A jẹ́ 440, B jẹ́ 494, C tó tẹ̀lé e sì jẹ́ 523. Etí akọrin máa ń yá ju ti àwa tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà lọ nínú irú iṣẹ́ yìí, mo sì gbà yín níyànjú pé kí ẹ kọ́kọ́ fi etí wá a kí ẹ tó wo àwòrán kankan.

Bí ẹ bá wá fẹ́ wo àwòrán, ẹ ṣí analyser, ohun èlò tó ń ya àwòrán bí ohùn kọ̀ọ̀kan ti pọ̀ tó nínú ìró, ẹ jẹ́ kí ó fojú tó mọ́lẹ̀ wò ó. Bí ẹ bá gba orin sílẹ̀ ní 48,000 sample fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ẹ sì fi ìwọ̀n FFT (iye sample tí analyser ń kà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan) sí 2,048, nǹkan bí Hz 23 ló wà láàárín ibì kan tó lè fi hàn yín àti èkejì. Ìyẹn fẹ̀ jù fún iṣẹ́ yìí. Ẹ gbé e dé 8,192, àlàfo náà yóò di nǹkan bí Hz 6. Ẹ má wo òkè tó ga jù lọ o, èyí tí kò wálẹ̀ nígbà tí gbogbo àwọn yòókù ń wálẹ̀ ni kí ẹ wò.

Nínú orin tí ẹ fi ránṣẹ́, 412 Hz ni mo ti bá a. Òmíràn tó kéré sí i wà ní 655 Hz. Ẹ rí i pé ìfura yín kò jìnnà sí òtítọ́: 430 tí ẹ yàn fi Hz 18 péré tàsé rẹ̀. Ṣùgbọ́n gígé tí Q rẹ̀ jẹ́ 30 ní 430 Hz kò fẹ̀ ju Hz 14 lọ, nítorí náà bóyá ni dB kan tàbí méjì nínú mẹ́wàá tí ẹ gé fi kan ìhan náà. Àwọn mẹ́ta yòókù, tí ẹ fi Q 2 gé, fẹ̀ débi pé wọ́n gbé gbogbo àárín ìlù wálẹ̀ pọ̀, ara ìlù àti ìhan papọ̀, ìhan sì wá ga ju ara ìlù lọ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó wà ní 250 ló ṣe ìpalára jù nínú wọn. Ibẹ̀ ni ọ̀rá snare yín wà. Mo tún rí i pé orin náà wà ní key F, 412 Hz sì wà nísàlẹ̀ G sharp díẹ̀. Bí ẹgbẹ́ akọrin bá ti gbé A dání, ìhan yóò máa ta kò ó láti ìsàlẹ̀. Kì í ṣe pé etí yín ń tàn yín jẹ nígbà tí ẹ sọ pé kò bá orin mu.

Bí ẹ ṣe ń gbé EQ sókè kiri yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi nípa rẹ̀ gbangba, nítorí ó ti ba ìlù púpọ̀ jẹ́. EQ tín-ín-rín tí a gbé sókè dáadáa máa ń han fúnra rẹ̀. Filter tí Q rẹ̀ jẹ́ 30 ní 500 Hz máa ń gba nǹkan bí mílísékọ́ńdì 130, ó kéré tán, kí ìró tirẹ̀ tó fi dB 60 wálẹ̀, nítorí náà ibikíbi tí ẹ bá gbé e dé, ìró kan yóò han níbẹ̀, ẹ ó sì gbà pé ẹ ti rí ọ̀tá. Bí ẹ ṣe rí mẹ́rin nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ fà á, ẹ fà á nígbà tí ẹ bá ti gbé e wálẹ̀, kì í ṣe nígbà tó wà lókè: ẹ gé dB 9, ẹ fi Q sí 12, ẹ jẹ́ kí ìrù ìlù máa yí po, ẹ wá máa rọra sún un láti 380 lọ sí 440. Níbi kan ìhan yóò dákẹ́ lójijì, yóò sì tún padà bí ẹ bá ti kọjá ibẹ̀. Ibi tó ti dákẹ́ ni ojú ibẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni EQ yìí fún wa láti yàn: ibi tí a ó gé, bí a ó ti gé e fẹ̀ tó, àti bí a ó ti gé e jinlẹ̀ tó. Nígbà tí George Massenburg gbé ìwé rẹ̀ lórí parametric EQ kalẹ̀ níwájú Audio Engineering Society ní 1972, pàtàkì rẹ̀ ni pé a lè yí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfọwọ́ kan èyí tó kù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fọwọ́ kan Q mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti yàn án lẹ́ẹ̀kan. Fún orin yìí, mo gé 412 Hz pẹ̀lú dB 7, mo sì fi Q sí 12, ìyẹn nǹkan bí Hz 34 ní fífẹ̀. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tí n kò mú un tín-ín-rín jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí mo ti mọ ojú ibẹ̀. Ìdí ni pé awọ tí a lù kíkan máa ń kọ́kọ́ le sí i, ohùn rẹ̀ á ga díẹ̀, yóò sì rọra wálẹ̀ sí ipò rẹ̀. Ìhan yín bẹ̀rẹ̀ ní tòsí 420 bí onílù bá lù ú tagbára-tagbára, ó sì sinmi ní 412. Gígé tó bá tín-ín-rín jù yóò mú òpin rẹ̀ nìkan, yóò fi ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. N kò fọwọ́ kan 655 rárá. Bí mo ti mú 412 wálẹ̀, n kò gbọ́ ọ mọ́ nígbà tí gìtá àti dùùrù wọlé.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́ díẹ̀. Inú orin ni kí ẹ ti ṣèdájọ́ snare, kì í ṣe ní solo, nígbà tó bá ń dá dún. Ìhan díẹ̀ wúlò. Òun ló ń jẹ́ kí snare ní ohùn tí a fi lè yà á sọ́tọ̀ sí ìpàtẹ́wọ́, òun náà sì ni sípíkà fóònù kékeré lè gbé jáde nígbà tí kò lè gbé 200 Hz dáadáa. Snare tí kò han rárá ni ẹ pè ní páálí nínú ìwé yín. Nítorí náà, ẹ dá gbogbo orin padà, ẹ gbé gígé náà wálẹ̀ dB kan lẹ́ẹ̀kan títí ìhan kò fi ní yọ yín lẹ́nu mọ́, kí ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ má ṣe gbìyànjú láti pa á pátápátá. Ẹ máa tẹ bypass, bọ́tìnì tó ń pa EQ fún ìgbà díẹ̀, láti fi wéra, kí ẹ sì rí i pé snare kò kéré sí i nígbà tí gígé bá wà lórí rẹ̀, nítorí etí máa ń gba èyí tó dún sókè jù gẹ́gẹ́ bí èyí tó dára jù.

Ẹ kò sọ bóyá compressor, ohun èlò tó ń tẹ ìró tó bá dún sókè jù wálẹ̀, wà lórí track náà, ṣùgbọ́n mo fura pé ó wà. Bí compressor bá fi dB 6 tẹ ìdún àkọ́kọ́ wálẹ̀, tó sì yára tú u sílẹ̀, ìrù ìlù á fi dB 6 sún mọ́ ìdún àkọ́kọ́ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé ohun tí EQ mú lọ, compressor ti gbé e padà wálé. Ẹ fi EQ síwájú compressor, kí compressor má baà rí ìhan kankan gbé sókè, kí ẹ sì dẹ release rẹ̀, ìyẹn bí ó ti ń yára tú ìró sílẹ̀ tó, kí ó lọ́ra díẹ̀. Bí ẹ bá ń lo ẹ̀dà snare kejì tí ẹ tẹ̀ gan-an lábẹ́ ti àkọ́kọ́, orí track àtilẹ̀wá ni kí gígé náà wà, kí ó tó pín sí méjì. Bí ó bá wà lórí ọ̀kan tí kò sí lórí èkejì, èkejì yóò dá ìhan padà, ìró méjèèjì kò sì ní bá ara wọn mu dáadáa ní àyíká ibi tí ẹ gé.

Plugin EQ kan (ohun èlò tí a ń fi kún software) lè bi yín bóyá ẹ fẹ́ linear phase, irú EQ tí kì í sún ohùn kan ju òmíràn lọ nínú àkókò. Ẹ dáhùn pé rárá fún iṣẹ́ yìí. Irú EQ bẹ́ẹ̀ máa ń da ìró díẹ̀ síwájú ìlù gan-an, kí igi tó kan awọ, etí sì ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ń fa ìlù sẹ́yìn. EQ lásán, irú tó wà nínú gbogbo software ìgbohùnsílẹ̀, ló bá ìhan mu jù, nítorí gígé rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú àkókò bí ìhan náà ti ń ṣiṣẹ́, ó ń jẹ ìrù rẹ̀ bí ó ti ń fà.

Lórí máíkì òkè, ẹ má gbé gígé kan náà lọ síbẹ̀ tààrà. Àwọn ìlù tí à ń pè ní tom àti gbogbo ìyókù ìlù wà lórí àwọn máíkì yẹn, gígé tó bá dúró gbagidi ní 412 yóò sì mú ara wọn gbẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Ibí yìí ni dynamic EQ, èyí tó ń gé kìkì nígbà tí ìró bá mú kí ó gé, ti wúlò: ẹ jẹ́ kí ó máa gbọ́ track snare, kí ó má ṣe gé nǹkan kan àyàfi ìgbà tí snare bá dún, kí ó sì padà sípò lẹ́yìn nǹkan bí mílísékọ́ńdì 300. dB 3 tó fún orin yín. Bí ẹ kò bá ní irú plugin bẹ́ẹ̀, ẹ fi máíkì òkè sílẹ̀ bí ó ti wà.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ẹ fi gate, ohun èlò tó ń pa ìró tó bá ti kéré jù, ti ilẹ̀kùn mọ́ ìhan. Ó ń ṣiṣẹ́ fún orin tí snare rẹ̀ kì í ju ìlù méjì lọ láàárín bar kan, tí gbogbo rẹ̀ sì le. Onílù yín kò lù bẹ́ẹ̀. Ó ń fi ìlù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ kún àárín àwọn tó le, irú èyí tí ọ̀pọ̀ onílù wa kọ́ lọ́dọ̀ Tony Allen, tó lu ìlù fún Fela nínú Africa 70 tó sì kú ní Paris ní 2020. Gate kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìlù kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti ìhan, méjèèjì ni yóò tìlẹ̀kùn mọ́. Ìpàdánù ńlá ni ìyẹn, nítorí àwọn ìlù kékeré wọ̀nyẹn ló ń gbé orin náà rìn. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ lò ó, ẹ má jẹ́ kí ó tì pátápátá. Kí ó fi dB 6 péré mú ìró wálẹ̀, kí ó sì rọra tì.

Ẹ ṣàkíyèsí àwọn orin yòókù pẹ̀lú. Awọ máa ń dẹ̀ bí onílù bá ti ń lù ú, èyí tó wà ní 412 nínú orin kejì lè ti di 400 tí ẹ bá fi dé orin kẹfà, tàbí kí ó ti ga sí i bí onílù bá tún un dè láàárín. Ẹ má ṣe da EQ orin kan sórí gbogbo wọn. Ẹ wá ìrù ìlù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lákọ̀tun. Nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́ ọn, kò ní gbà yín lákòókò. Bí máíkì kejì bá sì wà lábẹ́ snare, ẹ yí polarity rẹ̀ padà, ìyẹn kí ẹ tẹ bọ́tìnì tó ń yí ìgbì ìró sódì, kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Awọ òkè ń lọ sísàlẹ̀ nígbà tí máíkì ìsàlẹ̀ ń rí i bí ohun tó ń bọ̀ wá bá òun, bí a kò bá sì yí i, àwọn méjèèjì á pa ohùn ìsàlẹ̀ ara wọn, ìhan nìkan á wá yọrí. Mo ti rí snare tí gbogbo ẹjọ́ rẹ̀ kò ju bọ́tìnì yìí lọ.

Fún ìgbà mìíràn, orí ìlù fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí onílù yín máa fi igi kan awọ fẹ́ẹ́rẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ skúrù kọ̀ọ̀kan, ní íńṣì kan sí etí, kí ó dè wọ́n títí gbogbo wọn yóò fi mú ohùn kan náà jáde, nítorí awọ tí a dè ségesège máa ń han lóríṣiríṣi ohùn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ó máa lù ú ní àárín gan-an fún àwọn ìlù tó le: ìlà tí kì í mira, tí mo mẹ́nu bà lókè, ń gba àárín awọ kọjá, igi tó bá bọ́ síbẹ̀ kò sì lè ta àwọn ọ̀nà pípín-sí-méjì yẹn jí. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó ronú nípa ohun tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ. Ringo Starr máa ń da aṣọ ìnuwo bo ìlù rẹ̀ ní àwọn ọdún ìkẹyìn ẹgbẹ́ Beatles. Moongel, ohun rírọ̀ kan tí a ń lẹ̀ mọ́ awọ, wà lónìí, téèpù tí a ká mọ́ra sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Àwọn onílù bàtá wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ èyí: ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú òjò ìyáàlù bàtá, ojú tó fẹ̀ jù lára ìlù náà, ń mú ohùn rẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń gba ìhan lára awọ, àwọn onílù bàtá ní Cuba sì ń lo irú rẹ̀ lórí iyá tiwọn títí di òní. Ẹ fi téèpù kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ etí awọ, níbi tí àwọn ọ̀nà tó ń pẹ́ ti ń gbọ̀n jù, kí ó jìnnà sí ibi tí igi ń bọ́ sí. Ó dára kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó kéré jù, nítorí ìhan tó bá kù sílẹ̀, EQ lè mú un, ṣùgbọ́n kò sí EQ tó lè dá ohùn tí téèpù ti pa padà.

Ó ku ẹyọ ọ̀ràn kan tí EQ kò lè yanjú, mo sì fẹ́ kí ẹ dá a mọ̀ bí ẹ bá pàdé rẹ̀ nínú orin márùn-ún tí n kò tíì gbọ́. Bí ìhan bá wà ní 200 Hz tàbí nítòsí rẹ̀, orí ọ̀rá ìlù náà gan-an ló jókòó, gígé kan kò sì lè mú un láìmú ọ̀rá lọ. Ẹ dán dynamic EQ wò níbẹ̀, kí ó jẹ́ kí mílísékọ́ńdì 60 àkọ́kọ́ kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé. Bí ìyẹn kò bá tó, ẹ padà lọ sí ilé ìjọsìn, ẹ fi téèpù sí ojú snare kan náà, ẹ gbé máíkì kan náà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, kí onílù lù ú ní ẹyọ-ẹyọ, láti kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ títí dé èyí tó le jù, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kú tán pátápátá kí òmíràn tó tẹ̀lé e. Àwọn ẹyọ ìlù yẹn ni ẹ ó tò sábẹ́ ti àtilẹ̀wá níbi tí ìhan ti borí, kí ti àtilẹ̀wá lè wálẹ̀ díẹ̀ láìsí pé orin náà pàdánù bí onílù yín ṣe lù ú.